Àwo Ò Há

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ Fizheuer Zieheuer, ọ̀kan nínú wa pariwo pé, "Àwo yìí ti há o!" Kò há. Bí Ricardo Villalobos, ọmọ bíbí Chile tó dàgbà ní Jámánì, ṣe ṣe é nìyẹn lọ́dún 2006: orin minimal techno kan ṣoṣo tó lé ní ìṣẹ́jú 35, ìlù ẹ̀rọ tí kò sinmi, àti fèrè idẹ àwọn ará Serbia tó ń lọ, tó ń bọ̀.

Ó pín àwọn olólùfẹ́ techno sí méjì. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni. Àwọn mìíràn ní ta ló ráyè ìranù? Àwa náà pín sí méjì nínú yàrá kan.

Ká sòótọ́, kì í ṣe àtúnlù ló ń bí wa nínú. Àwa tí omele ti ń lu ohun kan náà sí létí láti kékeré! Ṣùgbọ́n tí omele bá ń lù, ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀, á máa ki èèyàn. A ń dúró kí fèrè yẹn pe orúkọ ẹnì kan. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Lẹ́ẹ̀kejì, a pa iná, a ò retí nǹkan kan mọ́. Fèrè tún wọlé, ọ̀kan nínú wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ẹni tó ní àwo há ni!

A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní orí òun ló gbà, òun ò tíì gbà.