Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ́wọ́ Mi

Sátidé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mẹ́ta péré ni mo bá lábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà ilé-ìwé tí a ti ń pàdé. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó okùn àti àgọ́ sí kò sí lọ́wọ́ òun, ẹni tó mú un ti lọ sí òde ìgbéyàwó. A jókòó sórí gbòǹgbò igi. Nígbà tí aago máa fi lu márùn-ún, wọ́n ti di mọ́kànlá. Kò sí okùn, nítorí náà ìgbànú wa la fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe olórí Síkáótù ní Ìbàdàn. Irú Sátidé báyìí pọ̀ ju èyí tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé lọ.

*

“Èló ni wọ́n ń san fún yín?” Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀, owó dátà tí mo fi ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, bisikíìtì fún ọmọ tí kò jẹun kúrò nílé, àpò mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ìyàwó mi kì í jà sí owó yẹn. Sátidé ló ń jà sí. Ó pè mí jókòó lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá Ìbejì, àwọn ọmọ yín náà wà nílé o.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ti ilé ni. Mo pẹ́ kí n tó ṣe é. Mo mọ àwọn olórí bíi tèmi tí wọ́n tọ́ ọmọ ọlọ́mọ yanjú, tí àwọn ọmọ inú ilé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n.

*

Gbogbo ọmọ Síkáótù lágbàáyé, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé nígbà tí Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, bá àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Kùmásí, ìjòyè Àṣáńtì kan sọ fún un pé akíkanjú nìkan ló ń na ọwọ́ òsì síni, torí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé apata rẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn tó dùn ún gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kan láti àdúgbò Bẹẹrẹ délé láti ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́, inú rẹ̀ ń dùn, ó na ọwọ́ òsì sí ìyá ìyá rẹ̀. Màmá gbá ọwọ́ náà dànù. Ní Sátidé kejì, àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá, wọ́n mú ọmọ lọ́wọ́.

“Ọ̀gá, kí lẹ ń kọ́ ọmọ mi? Ọwọ́ tí a fi ń nu ìdí, òun ni kó máa nà sí àgbà?”

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn níbẹ̀, ojú gbogbo ọmọ ló ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n. N kò sọ ìtàn Àṣáńtì fún wọn, ìtàn kọ́ ni wọ́n wá gbọ́. Nísinsìnyí, kí ọmọ titun tó mọ ohunkóhun, ó ti mọ̀ pé ọwọ́ òsì wà láàárín Síkáótù sí Síkáótù. Bó bá ti fẹsẹ̀ kọjá géètì, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Mo rò pé màmá yẹn ló jẹ́ kí n ronú sí i dáadáa. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bíbọwọ́ òsì ṣáájú ọjọ́ náà, n kò sì bi ara mi rí pé ta ni wọn yóò nà án sí bí wọ́n bá délé.

*

Àwọn àgùnbánirọ̀ máa ń wá ràn wá lọ́wọ́. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn wọn, wọ́n á kọ́ orin titun, wọ́n á sáré tẹ̀ lé wọn káàkiri pápá. Lẹ́yìn ọdún kan, wọn á gba ìwé-ẹ̀rí wọn, wọn á lọ. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èmi ni àwọn ọmọ ń bi ní Sátidé tó tẹ̀ lé e pé, “Àǹtí ńkọ́?”

*

Ìrẹsì àgọ́. Mo ti jẹ èyí tó jóná, mo ti jẹ èyí tó di ẹ̀kọ mọ́ ìkòkò, mo ti jẹ èyí tí ọmọ kan da ṣúgà sí dípò iyọ̀.

Ohun tó ṣòro jù fún àgbàlagbà nínú iṣẹ́ yìí ni kó fọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí Baden-Powell kó ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ 1907, láti dán èrò rẹ̀ wò, ṣe ló pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, tó fi ọmọ kan ṣe olórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Pátíróò la ń pe irú ìpín bẹ́ẹ̀. Títí dòní, lórí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró sí: ọmọ ni kó darí ọmọ, kí àgbà wà nítòsí. Àwa tí wọ́n fi “ìwọ ọmọdé, dákẹ́” tọ́ dàgbà, ara wa kì í tètè gbà á.

Lọ́dún kan, ní ìsàlẹ̀ òkè Adó-Àwáyè, kí a tó gun òkè lọ wo adágún omi tó wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, olórí pátíróò kan ń dáná. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ilé-ìwé olówó gọbọi ló ń lọ, gáàsì nìkan ló mọ̀. Ó to igi jọ pọ̀ fọnfọn, ó da kẹrosíìnì sí i, iná ràn, ó kú, èéfín bo gbogbo wa lójú. Ọmọbìnrin kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń wò ó. Ìyá ọmọbìnrin náà ń din àkàrà, òun ló sì ń bá ìyá rẹ̀ dáná láàárọ̀ kó tó lọ sí ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí n sọ, ìrẹsì yóò dé orí iná. Mo kó ẹsẹ̀ mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹnu mi má baà yọ̀.

Ó tó wákàtí kan. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Jọ̀ọ́, báwo ni màmá ẹ ṣe máa ń ṣe é?” Ọmọbìnrin náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yọ igi bí ìdajì kúrò, ó to èyí tó kù ti ara wọn bí àgọ́, ó ní, “Iná náà fẹ́ mí ni. O ò jẹ́ kó mí.” Agogo mẹ́sàn-án kọjá kí a tó jẹun, ìdí ìkòkò sì jóná. Mo jẹ tèmi tán. Ọkùnrin yẹn ti wà ní yunifásítì báyìí. Ó ṣì máa ń pe ọmọbìnrin náà ní “Ọ̀gá Iná”.

*

“Ẹ̀yin sọ́jà kékeré, ẹ wá bá wa to èrò.” Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìsọjí, bí olóṣèlú bá ń bọ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe òkú rẹpẹtẹ, wọn á ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á dúró lójú pópó nínú oòrùn láti agogo mẹ́jọ àárọ̀, á máa na ọwọ́ sí ọkọ̀. Lọ́dún kan, wọ́n gbàgbé láti fún wọn lómi. Ọmọ kan dákú. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń béèrè ìbòòji, omi, àti wákàtí méjì péré, kí n tó gbà. Àwọn kan kò pè wá mọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ sọ́jà náà kò ní ìdí. Sọ́jà ni Baden-Powell. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ nípa Síkáótù, àwọn ọmọ-ogun ló kọ ọ́ fún, kó tó kọ ti àwọn ọmọdé ní 1908. Ọdún 1915 ni ẹgbẹ́ náà wọ Nàìjíríà, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń jà lọ́wọ́, ìjọba amúnisìn ló sì wà lórí wa. Gbogbo rẹ̀ la gbà, a ò lè já a dànù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ mú kúrò lọ́dọ̀ mi ni kó lè tọ́jú ọgbẹ́, kó lè ka máàpù, kó lè pín oúnjẹ ní ọgbọọgba. Kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ojú pópó.

*

Bàbá kan yẹ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó béèrè ọ̀nà tí a máa gbà, ẹni tó máa wakọ̀, aago tí a máa gbéra. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò sílẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ̀yin ni mo mọ̀. N kò mọ àwọn tó wà nínú igbó.”

N kò rí èsì fún un. Nígbà tí èmi fúnra mi wà lọ́mọ Síkáótù, ẹsẹ̀ la fi rìn láti Ẹlẹ́yẹlé dé Ìdó, ọ̀pá lọ́wọ́, ìgò omi léjìká, àwọn àgbẹ̀ ń fún wa ní iṣu sísun lọ́nà. Nísinsìnyí tí àwọn ajínigbé ti ń da ọ̀nà láàmú, inú ọgbà ilé-ìwé tó ní odi la ń pàgọ́ sí, lórí pápá bọ́ọ̀lù. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń dún títí di òru. Mo fi ìràwọ̀ tí a lè rí han àwọn ọmọ. Kò ju bíi méje lọ. Ó ń dùn mí gan-an. Síbẹ̀, bí bàbá yẹn bá tún bi mí lónìí bóyá kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé wa wọ igbó, èmi náà á ní rárá.

*

Òfin kan wà tí n kì í rú: àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ìyá ọmọ kan pè mí: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà yín wálé.” Mo ní n kò ní lè ṣe é, àfi bí igbákejì mi bá dé. Ó bínú. Ó ní ṣé mo rò pé òun kò fọkàn tán mi ni. Mo ní, “Màmá, mo mọ̀ pé ẹ fọkàn tán mi. Ẹ má fọkàn tán mi tó bẹ́ẹ̀.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, pé kò sí irú rẹ̀ níbí. N kò gbà. Ní oṣù kejì 2020, ẹgbẹ́ Síkáótù Amẹ́ríkà wọ ilé-ẹjọ́ láti wá ààbò lọ́wọ́ gbèsè nítorí ẹjọ́ tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn tó lé ní 82,000 ló jáde wá sọ pé wọ́n fi ọwọ́ ìbàjẹ́ kan àwọn nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé nínú ẹgbẹ́ náà. Mélòó nínú àwọn òbí wọn ni kò sọ ọ́ rí pé, “Mo mọ Ọ̀gá yẹn, èèyàn dáadáa ni”? Níbi tí a kì í ti í sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí jáde, níbi tí wọ́n ti máa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ torí orúkọ ìdílé, ibẹ̀ gan-an ni òfin yìí ti wúlò jù. Nítorí náà, mo máa ń kà á fún àwọn òbí ní ìpàdé ọdọọdún, pẹ̀lú Yorùbá tó já gaara, bí ojú tilẹ̀ ń tì wọ́n.

*

Ìlẹ̀kẹ̀ igi méjì ló wà lọ́rùn mi. Wood Badge ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ àwọn olórí ni wọ́n ń fún. Gilwell Park, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní 1919, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ sì wá láti ara ìlẹ̀kẹ̀ gígùn kan tí Baden-Powell kó bọ̀ láti ilẹ̀ Zulu, tí wọ́n ní ó jẹ́ ti ọba wọn Dinuzulu, ọmọ Cetshwayo. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi tèmi sí mi lọ́rùn, mo sunkún ayọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó rò ó bí ọmọ Yorùbá. Ta ni ó ń já ìlẹ̀kẹ̀ ọba pín? Mo ṣì ń wọ̀ ọ́, torí mo ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá béèrè ibi tó ti wá, láti Zulu ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kì í ṣe láti Lọ́ńdọ̀nù.

*

Ẹni tó kọ́ mi ní Síkáótù kú ní ọdún tó kọjá. Ní ibojì, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàdúrà tán, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka fa òbìrìkìtì kan sórí yẹ̀pẹ̀, mo sì fi àmì tóótó kan sí àárín rẹ̀. Àmì ojú ọ̀nà wa ni: ó ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé, mo ti lọ sílé. Ó wà lára òkúta ibojì Baden-Powell ní Nyeri, ní Kenya, níbi tó kú sí ní 1941. Àbúrò olóògbé bi mí kí ni mo yà sílẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo sọ fún un, ó mi orí. “Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ṣé ẹ̀yin náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

*

Agogo méje alẹ́, òpin àgọ́. Gbogbo òbí ti wá kó ọmọ wọn àyàfi ẹnì kan. Igbákejì mi jókòó sí apá kan géètì, mo jókòó sí apá kejì, ọmọ náà wà láàárín wa. Ebi ń pa gbogbo wa. Ó mú okùn jáde nínú àpò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bowline mọ́ ọ̀pá géètì, ìdè tí kì í sún mọ́ni lára. Kò rí i ṣe láti àárọ̀. Ó ta á, ó tú, ó tún ta á. Ọwọ́ ń yún mi láti bá a ṣe é.

Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú márúwá ní agogo mẹ́jọ ku díẹ̀, ẹrù ọjà ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń bẹ̀ wá pé ọ̀nà Bódìjà ló dí. Ọmọ náà kò tilẹ̀ kí i.

“Màmá mi, ẹ gbé ẹrù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ fa okùn yìí.”

Ó gbé ẹrù sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú, ó fà á, géètì mì.

“Ẹ tún fà á.”

Ó tún fà á.