Ìtọ́jú Àkùkọ Tí Ìjà Ba Ojú Rẹ̀ Jẹ́

Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn tí ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá, àkùkọ ni ó máa ń fi ojú ara rẹ̀ wewu jù. Bí àkùkọ méjì bá pàdé, tí ìyẹ́ ọrùn wọn dìde, orí ni àgógó wọn ń wá, orí náà ni ògàn wọn sì ń gbá. Ogbe ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìjà bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ti ojú. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú adìẹ wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè rí àṣá lókè kí ó sì rí ọkà nílẹ̀ láì yí ọrùn. Ibi tí Ẹlẹ́dàá fi ojú náà sí kí ó lè ríran káàkiri, ibẹ̀ náà ni ọ̀tá ti ń rí i gbá.

Ọ̀bẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí nígbà tí wọ́n bá rí irú adìẹ bẹ́ẹ̀. Wọn a ní ọbẹ̀ ló kàn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní ọgbọ́n nínú, nítorí adìẹ kì í ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àkùkọ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín àgbébọ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ tí wọ́n bá pa á ni òpin ti dé bá òròmọdìẹ nínú agboolé náà; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹyin jíjẹ nìkan ni àwọn àgbébọ̀ náà yóò máa yé.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí obìnrin aláṣọ kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń gbé ìlú Jos gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀ ti ń ṣe láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ìgbà ọyẹ́ ni. Àkùkọ pupa rẹ̀ fo ọgbà lọ bá ti aládùúgbò jà, nígbà tí ó sì padà, ojú òsì ti wú dì, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìyẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Màmá àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ wò ó, ó ní, "Ìyàwó, tètè pa á kí ó tó rù."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ ti àkùkọ náà, ó dáhùn pé, "Ẹ má bínú, màmá. Ojú ni ó ń dùn ún, kì í ṣe ọrùn."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì bá a wá àkísà tí yóò fi wé e.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe dára púpọ̀: ó fi àgò dé àkùkọ náà mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí adìẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹnìkejì rẹ̀, kì í ṣàánú; ṣe ni yóò máa ṣá ibi tí ó pupa náà lẹ́nu títí yóò fi di ihò. Ọgbẹ́ tí àkùkọ aládùúgbò dá sílẹ̀ lè kéré. Àwọn àgbébọ̀ ilé ni yóò fọ́ ojú náà tán. Lẹ́yìn èyí, ó dúró di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó gbé e jáde, nítorí adìẹ kì í ríran dáadáa lókùnkùn, ara rẹ̀ a sì rọ̀. Ẹni tí ó bá lé adìẹ aláìsàn kiri àgbàlá ní ọ̀sán gangan yóò rí ìtumọ̀ òwe adìẹ tí ó bà lókùn: ara kò ní rọ òun, kò sì ní rọ adìẹ.

Aṣọ ni kí wọ́n fi wé e, kí apá rẹ̀ méjèèjì lè dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má ṣe fún àyà rẹ̀ mọ́ra o. Adìẹ kò ní iṣan tí ó pààlà àyà àti ikùn bí ti ènìyàn. Egungun àyà rẹ̀ ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ kí ó tó lè mí. Àkùkọ tí wọ́n dì mú ṣinṣin jù lè kú sọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wò ó sàn.

Omi iyọ̀ ni oògùn àkọ́kọ́, òun náà ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n se omi kí ó hó, kí wọ́n po iyọ̀ gíráàmù 9 mọ́ lítà 1, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí wọ́n fi òwú tí ó mọ́ tó o sí ojú náà díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fọ̀ ọ́. Ohun kan wà tí ó máa ń ya ẹni tí kò mọ̀ lẹ́nu: ọyún adìẹ kì í ṣàn bí ti ènìyàn, ṣe ni ó máa ń dì bí wàrà tí ó ti dì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èékánná já a. Bí omi bá rin ín pẹ́, yóò yọ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa awọ tín-ín-rín tí ó máa ń ti ìhà àgógó wá bo ẹyinjú. Kì í ṣe àrùn, ìpéǹpéjú kẹta tí Ẹlẹ́dàá fún adìẹ ni.

Nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, kí wọ́n gbé fìtílà sún mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ìpéǹpéjú ni ó ya, tí ẹyinjú sì mọ́ gaara, ìrètí pọ̀. Bí ẹyinjú bá ní àmì ìhá, tí ó rí bí dígí tí èéfín bò, ó lè jiná láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ìdọ̀tí kò bá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹyinjú bá ti bẹ́, tàbí tí ó ń yọ síta, kí wọ́n gbé àkùkọ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran.

Lórí oògùn ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́, ata, kerosíìnì àti ọtí líle kò yẹ kí wọ́n dé ojú tí ó lọ́gbẹ́ rárá. Oògùn ojú tí ènìyàn lò kù nínú ilé náà ní ewu tirẹ̀: èyí tí ó bá ní kọ́tísóònù nínú lè mú kí ọgbẹ́ ẹyinjú jinlẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti ka chloramphenicol léèwọ̀ fún ẹran tí ènìyàn yóò jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ìpara ojú, kí ó béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn ẹran, kí ó sì béèrè iye ọjọ́ tí yóò kọjá kí wọ́n tó lè jẹ ẹran náà.

Oúnjẹ ni wọ́n máa ń gbàgbé. Àkùkọ tí ojú kan dì lè pebi kú níwájú ọkà. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, yóò máa ṣá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkà, nítorí kò tíì mọ bí ojú kan ṣoṣo ti ń wọn ọ̀nà. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ náà rin èérí àgbàdo pẹ̀lú omi díẹ̀, ó gbé e sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìhà ojú tí ó là, ó sì ń fọwọ́ kan àpò oúnjẹ abẹ́ ọrùn rẹ̀ ní alaalẹ́ bóyá ó kún. Ní ọjọ́ kẹfà ojú náà là. Àmì funfun kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ kù sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ojú tí ó dì ni ìjà dì. Bí ojú méjèèjì bá wú pọ̀, tí imú ń ṣomi tí ó sì ń rùn, tàbí tí adìẹ mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀, àrùn ni. Bí kókó bá hù sí ogbe àti ìpéǹpéjú, ó lè jẹ́ irú ìgbóná kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri láàárín adìẹ. Ìtò àti ìgbẹ́ tí ó rin ilẹ̀ ilé adìẹ pẹ́ pàápàá ń mú èéfín jáde tí ó ń jó ojú. Èyí tí ó burú jù ni àrùn Newcastle, tí wọ́n kọ́kọ́ rí dájú ní Nàìjíríà ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1952 sí 1953. Ó lè pa gbogbo adìẹ agboolé tán, ó sì lè mú ojú ẹni tí ń tọ́jú wọn pọ́n; nítorí náà ọṣẹ àti omi kò gbọdọ̀ jìnnà. Kò sí oògùn tí ń wò ó, àjẹsára ni ó ń dènà rẹ̀. Ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom láti ọdún 1924, lẹ́bàá Jos níbẹ̀, wà lára àwọn tí ń ṣe àjẹsára náà.

Bí àkùkọ bá ti gbádùn, kí wọ́n má ṣe jù ú sí àárín àwọn yòókù ní ọ̀sán. Wọ́n tètè ń gbàgbé ara wọn, wọn a sì kà á sí àlejò. Alẹ́ ni kí wọ́n gbé e sórí igi ìsùn láàárín wọn, kí ẹni tí ó ni ín sì jí ní kùtùkùtù láti wò bí wọ́n ti gbà á. Bí ojú kan bá fọ́ pátápátá, ìhà èyí tí ń ríran ni kí wọ́n máa gbà sún mọ́ ọn, kí ó má baà ta gìrì. Kí wọ́n sì gbé ọgbà náà ga sí i.