Túúlu Bàbá Mi

Ọdún 1968 ni túúlu dá bàbá mi gúnlẹ̀. Àwa ará Ọ̀fà, ìjàkadì lorò wa, kò sì sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí ẹ̀yìn wọn kanlẹ̀ rí. Ife ẹ̀kọ ló wá ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Wọn á máa wo ọwọ́ ọ̀hún bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Agboolé ní iṣẹ́ ayé ni. A gún àgbo, a sín gbẹ́rẹ́, a ṣe sàráà. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí á tó gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Òdékù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti wà níbẹ̀ láti 1962. Ṣùgbọ́n ẹ́síréè ayé ìgbà náà, agbárí ló mọ̀ ọ́n yà, kò rí ọpọlọ. Wọ́n á gún oògùn sí iṣan ọrùn, wọ́n á yára ya fọ́tò. Níbi tí iṣan bá ti wọ́, nǹkan ló tì í. Báyẹn ni wọ́n ṣe rí kókó orí bàbá mi. Ó ti tóbi jù. Bàbá mi ò rí ọdún tuntun.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, 1971, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT tí Hounsfield ṣe wo inú orí aláìsàn ní London. Ọdún mẹ́ta péré!

Iléyá tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tó ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ jẹun ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ níwájú mi. Ó ní àwọn dókítà á fi àwọ̀ pààlà yí kókó ká lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò, kọ̀ǹpútà á wò ó títí á fi máa dá a ṣe.

"Orí ta ni ẹ fi kọ́ ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Orí òyìnbó ló pọ̀ jù, fọ́tò tó mọ́ kedere, kókó tí wọ́n tètè rí. Ẹ̀rọ MRI tiwa, tí a fi ń ya fọ́tò ọpọlọ, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, aláìsàn wa sì ń pẹ́ kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ Udunna Anazodo àtàwọn ará yàrá ìwádìí MAI Lab l'Ékòó fi kó fọ́tò àwọn aláìsàn Áfíríkà jọ, tí wọ́n pè é ní BraTS-Africa, tí àwọn onímọ̀ sì fi figagbága ní 2023. Ọgọ́ta orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Èrò ìkómọ kan l'Ọ́fà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo.

Mo ní kó fi ọ̀kan tó pẹ́ kó tó dé hàn mí. Kókó náà ti gba apá òsì ọpọlọ. Mo bi í bóyá ẹni yẹn ṣì lè di ife mú. Ó ní fọ́tò ò lè sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.