Ọkọ̀ Kékeré Orí Tábìlì Mi

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan. Ẹni tí ó bá wọ ọ́fíìsì mi yóò rí ọkọ̀ kékeré kan lórí tábìlì, láàárín ìwé atúmọ̀ èdè àti òkìtì ìwé ìdánwò tí n kò tíì máàkì. Gígùn rẹ̀ kò ju ínṣì 8½ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aró tí ó gbó dáadáa. Àwọn kan a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn a ní, "Sà, ṣé ti ọmọ-ọmọ yín ni ẹ gbé wá síbí?" Èmi náà a rẹ́rìn-ín, n ó sì darí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Lónìí, mo fẹ́ san gbèsè èsì náà.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun ìṣeré tí a rà ní ọjà bí ó ti wà yìí. Èmi ni mo tò ó, tí mo sì kùn ún, ní ọdún 2019, nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá kan náà ni wá; ó fi ọdún 12 jù mí lọ. Àwòrán ọkọ̀ Pontiac GTO ti ọdún 1964 ni. Bí a bá pín ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 24, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni èyí. Ọdún 1964 yẹn kan náà ni a bí èmi pàápàá.

Kí n tó sọ bí a ṣe tò ó, ó yẹ kí n sọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ General Motors, tí ó ni Pontiac, ti fi òfin de àwọn ẹ̀ka rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ki ẹ́ńjìnnì tí ó bá tóbi ju 330 kúbíìkì ínṣì lọ bọ inú ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin bá ti wà, ọgbọ́n náà wà. Àwọn ẹnjiníà Pontiac, tí John DeLorean jẹ́ olórí wọn, mú ẹ́ńjìnnì 389 tí ó wà fún àwọn ọkọ̀ ńlá, wọ́n kì í bọ inú ọkọ̀ Tempest LeMans. Wọn kò pè é ní ọkọ̀ tuntun. Wọ́n ní àfikún lásán ni, pé ẹni tí ó bá wù ni kí ó sanwó rẹ̀. Báyìí ni ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò tóbi ṣe ní agbára ẹṣin 325. Èyí tí ó bá ní kábúrétọ̀ mẹ́ta sì ní 348. Ní ọdún kìíní nìkan, wọ́n ta 32,450. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù fi gba ọ̀nà kan náà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "muscle car". Èmi ń pè é ní ọkọ̀ oníṣan: ara níwọ̀n, agbára rẹpẹtẹ.

Ọdún 1972 ni ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ìpínlẹ̀ Michigan láti kàwé, ibẹ̀ ni ó sì fìdí kalẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí n gbé páálí kan sọ̀kalẹ̀ láti orí àpótí aṣọ. Ó ti rà á láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń retí kí òun fẹ̀yìn tì kí òun tó tò ó. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì tán, àìsàn tí ń mú ọwọ́ gbọ̀n ti dé.

"Àbúrò mi," ni ó wí, "ojú mi ń ríran, iyè mi sì pé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti kọ̀ mí. Yá mi ní ọwọ́ tìrẹ."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, n kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí o."

Ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi ni ẹnu, ìwọ ni ọwọ́."

Nígbà tí a ṣí páálí náà, àyà mi já. Mo rò pé ọkọ̀ ni n ó bá níbẹ̀. Ike funfun wẹ́wẹ́ ni mo bá, tí gbogbo wọn so mọ́ ọ̀pá ike bí èso ti í so mọ́ ẹ̀ka, tí nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ gbogbo wọn, kí n sì sá wọn gbẹ, nítorí pé òróró tí wọ́n fi pa inú irin tí wọ́n da ike náà sí lè ṣẹ́kù sí i lára, ọ̀dà kì í sì í dúró lórí òróró. Ó ní a kì í fi ọwọ́ já wọn lára ẹ̀ka. Abẹ mímú ni a fi ń gé wọn, kí a má baà já lára ohun tí a ń fẹ́. Níbi tí apá méjì irin náà ti pàdé ara wọn, ìlà tín-ín-rín kan a máa wà lára ike. Sáńpépà tí ó kúnná ni a fi ń ha á kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀, ojú lè má rí i lónìí, ṣùgbọ́n bí a bá kun ọ̀dà tán ni yóò yọ jáde bí àpá.

Gọ́ọ̀mù rẹ̀ pàápàá yà mí lẹ́nu. Kì í lẹ nǹkan pọ̀ bí ẹ̀kọ ti í lẹ bébà. Yíyọ́ ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì, tí wọn yóò fi wọ inú ara wọn, tí wọn yóò sì di ẹyọ kan nígbà tí ó bá gbẹ. Ìdí nìyí tí kò fi gbọdọ̀ pọ̀ jù. Èyí tí ó bá kán sí gíláàsì ojú ọkọ̀ yóò sọ ọ́ di bàìbàì, àtúnṣe rẹ̀ kò sì rọrùn.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi to ẹ́ńjìnnì tí kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, bí ti àwọn ẹ́ńjìnnì Pontiac ìgbà náà. Mo fi ẹ̀mú gbé kábúrétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lórí. Ó rẹ̀ mí. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo èyí?"

Ó dáhùn pé, "Ìwọ tí o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ni í rí ìfun eèrà. Mo ti fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní orí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti rí i pé n kò tíì wo inú eèrà rí.

Ibi tí ìwà mi ti hàn gan-an ni ibi ọ̀dà. Ìyá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, aláró ni ní Abẹ́òkúta. A bá wọn nídìí ìkòkò aró ni. Bí wọ́n bá ti aṣọ bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì fà á yọ, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i ni yóò máa di aró. Wọn a dúró. Wọn a tún un rì bọ̀ ọ́. Wọn a tún dúró. Ẹni tí ó bá ń kánjú kò lè rí aró tí ó gbó. Ọ̀dà tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún ọkọ̀ náà, ọ̀dà inú agolo tí a ń fọ́n ni, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aṣọ ìyá wa. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọ́n ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú sí i. Lẹ́yìn èyí, kí n gbé agolo aláró náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọ̀dà inú rẹ̀ lè fọ́n dáadáa. Kí n mú un jìnnà sí ọkọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn kí ó tó kan ọkọ̀, kí n má sì dáwọ́ dúró àfi bí ó bá kọjá rẹ̀ tán. Ìpele kìíní gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ bí ìrì.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó gbẹ, ó ṣì bàìbàì bí aṣọ tí a rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú mi kò gbà á. Ní ọ̀sán tí ẹ̀gbọ́n mi sùn, mo gbé agolo, mo sì fọ́n ọn títí ó fi ń dán bí ojú omi. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí omijé. Mo fi ìka nù ún. Ojú ìka mi sì hàn níbẹ̀ ketekete. Kí ni mo ṣe? Èmi, àgbàlagbà ẹni ọdún 55, mo yí ẹ̀gbẹ́ tí ó bàjẹ́ náà kọ ojú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi jí, ó yí ọkọ̀ náà padà, ó wò ó. "Ṣé ìwọ ọmọ aláró ni ó ṣe èyí?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n sì rì í sínú omi ọṣẹ líle tí wọ́n fi ń fọ òróró kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kí ó sùn níbẹ̀, pé bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ títí yóò fi padà di ike funfun.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ọkọ̀ ti wà nínú omi, ni ó sọ ìtàn tí n kò gbọ́ rí fún mi. Òun náà ti ní irú ọkọ̀ yìí rí, ọkọ̀ gidi, aláwọ̀ aró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá sì kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà. Owó àgbá epo kan, tí ó tó bíi dọ́là 3, fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 12 nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní ọdún 1974. Ènìyàn ń tò ní ilé epo. Gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí ń mu epo bí ẹni mu omi ń wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ṣe di ọlọ́kọ̀ oníṣan. Ẹ wo bí ayé ti rí: ohun tí ó fẹ́ pa ọkọ̀ náà ní ọ̀dọ̀ wọn ni ó mú owó wọlé ní ọ̀dọ̀ wa. Àkókò náà ni a gba owó Údójì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná ní ọdún 1975.

Ṣùgbọ́n owó epo kò dé ojúlé wa. Bàbá wa kú ní ọdún 1977, ọdún tí mo yege ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé gíga. Ìyá wa ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi. Owó dé, mo sì wọ ilé-ìwé. Èrò mi láti ìgbà náà ni pé owó iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Mo ta á," ni ó wí. "Náírà ju dọ́là lọ nígbà náà, àbí o ti gbàgbé? Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ owó ọkọ̀ náà sí náírà, kò ju ohun tí ó lè san owó ilé-ìwé rẹ fún ọdún méjì lọ. Mo ń rò ibi tí n ó ti rí ti ọdún kẹta, ni ìjọba tuntun bá dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, tí wọ́n sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa. Ọkọ̀ náà gbé ọ dé ibi tí ìjọba ti gbà ọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

Ó ní, "Ìyá ìbá ní kí n má tà á."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọ ọkọ̀ náà mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni mo fọ́n sí i. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi a ní kí n gbé e súnmọ́ imú: bí ó bá ń rùn síbẹ̀, kò tíì gbẹ. Ẹnìkan kò tún ní láti sọ fún mi pé kí n dúró.

Ó wá ku táyà. Táyà GTO ọdún náà ní ìlà pupa tín-ín-rín kan yíká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tí a ń dá sí i ni pé a kì í yí búrọ́ọ̀ṣì. A ó fi ọwọ́ tí ó di búrọ́ọ̀ṣì mú lé orí ìwé kí ó má mira, táyà ni a ó sì máa yí. Mo ṣe mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fún mi ní ìkẹrin." Ó fi ọrùn ọwọ́ lé orí ìwé, èmi sì ń yí táyà náà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n ní ibì kan, ìlà náà sì wọ́ bí ipa ejò. Ó wò ó.

"Nù ún," ni ó wí, "kí o tún un ṣe."

Mo ní, "Ó ti gbẹ, Bọ̀dá mi."

Kò tíì gbẹ. Òun náà sì mọ̀, nítorí pé òórùn ọ̀dà gba gbogbo yàrá náà kan.

Ọdún 2021 ni ẹ̀gbọ́n mi re ibi àgbà ń rè. Ilé-iṣẹ́ Pontiac ti kógbá sílé ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 2010. Ọkọ̀ kékeré náà ni ó kù, òun ni ó sì wà lórí tábìlì mi. Ẹ̀gbẹ́ tí ìlà rẹ̀ wọ́ ni mo kọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá wá béèrè máàkì yín, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó jókòó. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ní ọkọ̀ kan tí ẹnìkan tà nítorí yín, tí kò sì jẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ẹni náà bá wà láàyè, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.