Odi Tí A Tú, Odi Tí A Tún Mọ

Nínú èdè wa, ohùn nìkan ni ó pààlà sáàárín ère àti eré. Ère ni igi tàbí amọ̀ tí a fi ọwọ́ yà ní àwòrán ènìyàn. Eré ni ohun tí a ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àwa ọ̀dọ́ márùn-ún kan ní Àjàṣẹ́, tí òbí wa ti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìpòbẹ́ wá, ti so méjèèjì pọ̀: ère ni a fi ń ṣeré. A ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi wá léèrè ohun tí àwa tí a ti dàgbà ń fi ère kékeré ṣe lórí tábìlì, àti nítorí pé eré náà gbé ìbéèrè kan kò wá lójú tí kì í ṣe ti ọmọdé.

Eré náà ni àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní jeu de rôle. Ẹnì kan jókòó bí apàlọ́. Òun ni ó ń sọ ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́. Olúkúlùkù àwọn yòókù ní akọni kan tí ó ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí akọni bá fẹ́ fo kòtò tàbí kí ó tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, a ó ju dáìsì olójú 20, nọ́ńbà tí ó bá jáde ni yóò sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú irú eré bẹ́ẹ̀, Dungeons & Dragons, jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974 láti ọwọ́ Gary Gygax àti Dave Arneson. Ilé abẹ́ ilẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ sábà máa ń wáyé: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, àtẹ̀gùn, iyàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, ìṣúra, àti abàmì ẹ̀dá tí ń ṣọ́ ọ.

Ènìyàn lè fi pẹ́ńsù ya ilé náà sórí ìwé, kí eré sì dùn. Ṣùgbọ́n ojú a máa fẹ́ rí ohun tí etí ń gbọ́. Nítorí náà ni a fi ń ṣe ilé ọ̀hún ní ègé-ègé: ègé ilẹ̀, ègé igun, ègé ògiri, ègé ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. A fa ìlà sórí ilẹ̀ ègé kọ̀ọ̀kan, ó pín sí ojú onígun mẹ́rin kéékèèké. Ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀, ó sì dúró fún nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ nínú ìtàn. Ère tí yóò dúró níbẹ̀ ga tó nǹkan bíi mìlímítà 28 láti ẹsẹ̀ dé ojú. Nítorí pé ìwọ̀n kò yàtọ̀, ègé yòówù lè fẹ̀gbẹ́ kan ègé yòówù. Ohun tí ó jẹ́ ààfin lónìí lè di ọjà lọ́la.

Wọ́n ń ta irú ègé bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára wa lọ. Polystyrène ni àwa ń lò, ohun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ká tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì mọ́ inú páálí. Èyí tí ó bá ki dáadáa ni a ń ṣà. A ó fi ọ̀bẹ mímú gé e, a ó fi bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà òkúta sí i, a ó sì fi òkúta gidi tẹ ara rẹ̀ kí ó má baà dán. A ó po gọ́ọ̀mù mọ́ ọ̀dà dúdú, a ó fi kùn ún kí ara rẹ̀ lè le. A kì í fọ́n ọ̀dà inú agolo sí i lára lásán, nítorí kẹ́míkà inú agolo náà a máa yọ́ ọ. Bí dúdú bá gbẹ, a ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà aláwọ̀ eérú, a ó nù ún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, a ó sì fi rá ojú ègé náà. Ibi tí ó yọrí nìkan ni yóò gba ọ̀dà. Kòtò yóò dúdú síbẹ̀. Ìgbà náà ni polystyrène di òkúta lójú wa.

Ègé títò yìí kì í ṣe ohun òde òní. Ní 1812, ará Prussia kan, Georg Leopold von Reisswitz, gbé tábìlì kan fún ọba rẹ̀, Friedrich Wilhelm Kẹta. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì náà ni àwọn ègé ilẹ̀ wà, pẹ̀lú òkè àti odò, tí a lè tò bí ó bá ti wù wá, kí a sì kọ́ ọgbọ́n ogun lórí wọn láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ di eré orí àwòrán ilẹ̀ ní 1824, àwọn ọmọ ogun Prussia sì mú un lò. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé Little Wars jáde lórí bí a ṣe ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣeré nínú ilé; èrò rẹ̀ ni pé ogun kékeré yìí sàn ju ogun gidi lọ. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ogun gidi bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù. Láti inú irú eré ogun bẹ́ẹ̀ ni eré ti 1974 ti jáde. Bí a bá ń wá ìdílé eré wa lọ sẹ́yìn, ogun ni a ó bá nídìí rẹ̀.

Ilé olódi ti Yúróòpù ni ó pọ̀ jù nínú àwòrán tí a ń wò kọ́ṣẹ́. A wá bi ara wa léèrè pé, ṣé àwa kò ní odi ni? Kétu ní odi àti yàrà, ibodè rẹ̀ tí à ń pè ní Akaba Idena sì wà títí di òní. Oṣù mẹ́ta ni a fi gé odi náà ní ègé-ègé, a sì kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Èrò wa ni pé àwọn akọni yóò wà nínú odi, ọ̀tá yóò sì wà níta.

Bàbá àgbà kan, ọmọ Kétu tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wá kí àwọn òbí ọ̀kan nínú wa nígbà tí ègé náà wà lórí tábìlì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un kí ó tó mọ ohun tí ó jẹ́. Ó gbé ibodè náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ yín dára,” ni Bàbá wí. “Ṣùgbọ́n ṣé ibi tí wọ́n ti kó ìyá ìyá mi lẹ́rú ni ẹ fẹ́ máa ju dáìsì sí?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. A fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìtàn náà ni.”

“Ó dára. Ta ni nínú yín ni yóò wá ṣe àwọn tí ó kó o?”

A kò rí èsì fọ̀, nítorí ọmọ Fọ̀n ni ìyá ọ̀kan nínú wa.

Ẹni tí ó bá ní ẹbí ní Kétu mọ ohun tí Bàbá ń wí. Ní 1886, nígbà ayé Ọba Glele, àwọn ọmọ ogun Dàhómì gba Kétu, wọ́n pa ìlú náà run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé wọ Abomey ní 1892 ni àwọn tí ó yè padà wá tún Kétu tẹ̀ dó.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni a fi jiyàn. Ọ̀kan nínú wa rán wa létí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001, tí ó sì wọ àkójọ ogún àṣà aráyé ní 2008. Agbẹ́gilére a máa gbé ọdẹ, ẹranko, oníṣòwò àti àlejò sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ó ní kò sí ohun tí ó wúwo jù fún ère láti gbé. Òmíràn dáhùn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlú ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe é fún, láti tu ìlú lára. Ọ̀rẹ́ wa tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Fọ̀n ni ó sọ èyí tí ó wọ̀ wá létí jù. Ó ní abàmì ẹ̀dá inú ilé abẹ́ ilẹ̀ kò ní baba, kò ní ọmọ. Nítorí náà ni a fi lè pa á kí a sì rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó wà níta odi Kétu ní ọmọ-ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ náà sì ń bá wa jẹun nínú àwo kan. Bí a bá gbé wọn sí ipò abàmì ẹ̀dá, eré ti tún ogun náà jà.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Lórí odi Kétu wa, kò sí ẹni tí yóò ṣe ọmọ ogun, kò sí ẹni tí yóò ṣe ẹrú. Ìgbà ìpadàbọ̀ ni ìtàn wa bẹ̀rẹ̀. Tábìlì ṣófo, gbogbo ègé wà nínú páálí. Àwọn akọni ní láti ṣán igbó, kí wọ́n wá omi, kí wọ́n parí ìjà lórí ibi tí ilé ta ni wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe yanjú ni yóò jẹ́ kí a gbé ègé kan kalẹ̀. Ẹnì kan nínú wa kò gbà síbẹ̀. A kì í fi agbára mú un, nígbà tí a bá gbé Kétu jáde kì í ju dáìsì.

A ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá nígbà tí ó tún wá. Kò yìn wá, kò sì bú wa. Ó na ọwọ́, ó yí ibodè padà. “Kò kọjú síbẹ̀,” ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ àwọn àdúgbò. A mú bírò.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ègé yìí, ọ̀bẹ, gọ́ọ̀mù àti páálí àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé abẹ́ ilẹ̀ tí kò sí níbì kankan, ẹ tò ó bí ó bá ti wù yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ odi tí ènìyàn gbé inú rẹ̀ rí ni, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tí ó ni ín léèrè, ti inú odi àti ti ìta odi. Ègé tí a ṣe lè tú ká nígbàkígbà kí a sì tún un tò. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí tábìlì náà ká ni ẹ kò gbọdọ̀ tú ká.