Yìnyín Lẹ́nu Ìyá Àgbà



Nígbà ìsinmi, a gbé ìyá àgbà mi láti Kàdúná lọ gba oògùn jẹjẹrẹ ìfun ní Shika, lẹ́bàá Zaria. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní àwọn ò lọ, torí oògùn yẹn lè dá egbò sí èèyàn lẹ́nu débi pé ẹ̀kọ pàápàá kò ní ṣeé gbé mì.

Nọ́ọ̀sì ní ohun tó bá ń yára dàgbà lára ni oògùn náà ń pa: jẹjẹrẹ, àti awọ inú ẹnu pẹ̀lú. Tí ẹnu bá tutù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á fún pọ̀, oògùn tó máa débẹ̀ á dín kù.

Èmi ni mo gbé kúlà. Kí wọ́n tó fa oògùn sí ìyá àgbà lára, mo fi yìnyín wẹ́wẹ́ sí wọn lẹ́nu, mo sì ń fi kún un títí ó fi pé ìṣẹ́jú 30. Omi sísè la fi ṣe é, kì í ṣe yìnyín ojú títì. Nílé, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ ẹnu.

Àmọ́ ẹ bi dókítà o: oògùn jẹjẹrẹ mìíràn wà tí kò fẹ́ òtútù rárá.

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá àgbà jẹ àmàlà àti ewédú tí kò lata. Ní báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń bi wá pé ọjọ́ wo la tún ń lọ.