Ibo Ni Kí A Kó Lọ?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní Èkó ti di ohun tí ó ń lé oorun kúrò ní ojú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní aya àti ọmọ. Àwa tọkọtaya tí a ń kọ èyí wà nínú wọn. Ọ̀kan nínú wa ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní Marina. Èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìkejà. Sùúrùlérè ni a ń gbé láti ìgbà tí a ti ṣe ìgbéyàwó, nínú yàrá kan àti pálọ̀, títí onílé fi ránṣẹ́ pè wá tí ó sì sọ iye tí owó ilé yóò jẹ́ láti ọdún tí ń bọ̀. A wo ojú ara wa. A kò bá a jà, nítorí pé ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé àwa yóò fi ìlú sílẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni ibi tí a ó lọ.

Kì í ṣe ìran wa ni ó kọ́kọ́ jáde báyìí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn ká bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ìjọba ìgbà náà rí i pé ilé ti há mọ́ ara wọn jù, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ àtúntò ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó la àwọn òpópónà Yábàá. Ní ọdún 1955 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé àtijọ́ ní àárín erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Bàbá àgbà kan ní àdúgbò wa wà nínú àwọn ọmọdé tí a kó lọ nígbà náà. Ó ní igbó ni àwọn òbí òun ń pe Sùúrùlérè tí owó ilé rẹ̀ ń lé wa jáde lónìí! Àwọn obìnrin ọlọ́jà pàdánù àwọn oníbàárà wọn, àwọn ẹbí tí wọ́n sì ń jẹun ní àgbàlá kan náà di ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì kí wọn tó rí ara wọn. Ó ní ìyá ìyá òun kò wá sí ilé titun náà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ó tó kú. Ọ̀rọ̀ yìí bà wá lọ́kàn jẹ́ ju ti owó ilé lọ, ó sì tẹ̀ lé wa kiri ní gbogbo ìgbà tí a ń wá ibùgbé.

Mowe ni a kọ́kọ́ lọ, ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní ọdún 1978. Kí a sọ òtítọ́, ilé tí a rí níbẹ̀ wù wá púpọ̀: yàrá mẹ́ta, àyè tí ọmọ lè gbé sáré, igi ọsàn kan ní ẹ̀yìnkùlé, owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí à ń san fún yàrá kan. Ọjọ́ Sátidé ni éjẹ́ǹtì mú wa lọ, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí ọ̀nà mọ́ féfé. Àwọn éjẹ́ǹtì mọ ọjọ́ tí ó yẹ láti mú ènìyàn lọ wo ilé! Nítorí náà ni a ṣe padà lọ fúnra wa. A sùn ní ilé ọ̀rẹ́ wa kan níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, a sì jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ kí a lè bá àwọn òṣìṣẹ́ dúró ní ìdí ọkọ̀. Agogo mẹ́jọ ti kọjá kí ẹni tí ń lọ sí Marina tó dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí a óò fi padà ní alẹ́, agogo mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ wa sì ti sùn. Ó sọ fún wa pé “Dádì Sátidé” ni ọmọbìnrin òun ń pe òun. Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́. Aya rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí a dúró ní Isheri, tí ó súnmọ́ Èkó ju Mowe lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹ̀bá odò Ògùn níbẹ̀, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe òjò àdúgbò nìkan ni ó ń mú omi wọ ilé. Ìsédò kan wà lórí odò Ọ̀yán, ní apá Abẹ́òkúta, tí ó ti wà láti ọdún 1983. Bí omi bá kún un tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, ọ̀nà odò Ògùn ni yóò gbà bọ̀. Oòrùn lè máa ràn ní Isheri kí omi sì máa gòkè. Ẹ wo ara ògiri ilé tí wọ́n bá fi hàn yín, kí ẹ wo ibi tí ìlà omi dé. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìsàlẹ̀ ògiri náà ní ọ̀dà tí kò bá ti òkè mu, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ti Ìkòròdú kò gùn. Ilé pọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Láti ọdún 2015 ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ní ojú ọ̀nà tiwọn láti Mile 12 dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń gba orí ọ̀sà kọjá sí erékùṣù. Ṣùgbọ́n ìyá wa bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ ọkọ̀ ojú omi, ó ní òun kò ṣe ẹja.

Ìyá wa yìí, èyí tí ó bí aya nínú àwa méjèèjì, ni ọ̀ràn náà rọ̀ mọ́. Múṣin ni ó ń gbé. Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, òun ni ó ń lọ mú ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi dé. Eékún ń dùn ún. Bí ó bá fẹ́ gun bọ́ọ̀sì, ẹnìkan ní láti fà á láti òkè. Kò bèèrè iye yàrá, kò bèèrè igi ọsàn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ̀ mélòó ni n óò wọ̀ kí n tó rí yín?” A jókòó, a kà á fún un. Láti Múṣin dé ilé tí ó wù wá ní Mowe, ọkọ̀ mẹ́ta ni, àti ọ̀kadà ní ìkẹyìn. Ó dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀ràn òun dí wa lọ́wọ́, pé ọmọ kì í fi ìyá rẹ̀ ṣe ìdákọ̀ró. Àwa mọ ohun tí dídákẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí.

Ìgbà náà ni a rántí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Agbado, ní ààlà Èkó àti Ògùn, ni ó ti ń gbéra. Ó ń dúró ní Iju, Agége, Ìkejà, Ọ̀ṣọ̀dì, Múṣin àti Yábàá kí ó tó dé Oyíngbò. Ẹ wò ó: nọ́ọ̀sì ní Ìkejà, ìyá ní Múṣin, òṣìṣẹ́ Marina yóò sì wọ bọ́ọ̀sì kan láti Oyíngbò kọjá sí erékùṣù. A kò sọ pé kò ní àléébù. Kì í ṣe dáńfó tí òmíràn ń tẹ̀ lé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ojú irin kan náà ni òun àti ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìbàdàn jọ ń lò, ẹni tí ó bá sì pẹ́ dé ibùdókọ̀ yóò dúró. Ṣùgbọ́n go-slow kò sí lórí irin.

Ilé tí a rí ní Agbado kò dára tó ti Mowe. Yàrá méjì ni. Bí òjò bá rọ̀, àfi kí a bọ́ bàtà sí ọwọ́ kí a tó dé títì. Onílé bèèrè owó ọdún méjì. A rán an létí pé òfin Èkó ti ọdún 2011 kò gba kí á gba ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé titun. Ó dá wa lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé òun wà. Òdodo ni ó sọ! Ẹ̀bẹ̀ ni a fi rí ti ọdún kan gbà. Nítorí ààlà yìí kan náà, kí ẹni tí ó bá kó lọ sọ fún ibi iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni owó orí rẹ̀ yẹ kí ó lọ, kì í ṣe ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ó sì bèèrè ìpele iná àdúgbò náà pẹ̀lú: láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín wọn láti A dé E, A yẹ kí ó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, E fún wákàtí 4.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a kó dé ni ìyá wa wá. A pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, ó di àpò èlùbọ́ mọ́ àyà, ó sì ń ṣàròyé ẹrẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ti ka ibi tí ọkọ̀ dúró sí láti Múṣin, ó sì dá orúkọ wọn fún ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti wá nígbà mẹ́rin láti ìgbà náà.

Éjẹ́ǹtì tí ó bá wa rí ilé ń fẹ́ kí a ra ilẹ̀ báyìí, kí owó ilé má baà tún lé wa. A sọ fún un pé àwa yóò gbé ibẹ̀ ní ọdún kan ná, kí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ojú wa. Kò gbà, ó mú rìsíìtì ìdílé kan wá, ó ní gbogbo rẹ̀ ti parí. Àwa ní láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, rìsíìtì ìdílé nìkan kò tó, kí ó mú ìwé sọ́fè wá kí a lè gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, kí a mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó ní òun yóò mú un wá ní ọ̀túnla. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, a kò tíì rí i.